Abẹ́rẹ́ aran fún ọmọ àgùntàn: ó wà, àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé. Mo ń sin àgùntàn lẹ́yìnkùlé, abo mọ́kànlá àti àgbò Balami ńlá kan tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹran wá láti Òkè-Ọya. Láti ìgbà tí àgbò yìí ti dé ni àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ti ń tóbi, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an, àwọn ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, abẹ́ àgbọ̀n wọn á wú, wọ́n á sì máa kú kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́rin. Mo ti fún wọn ní oògùn aran títí ó fi sú mi. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ẹranko sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tí wọ́n ń gún fún ọmọ àgùntàn, tí aran ìfun ò fi ní lè wọ inú rẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́ kata tí ìjọba ń gún ti tó. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ẹran, màmá. Ẹni tó ní abẹ́rẹ́ kan wà fún aran kò parọ́. Ó wà lóòótọ́. Ibi tó ti bù mọ́ ọ̀rọ̀ ni "láéláé" yẹn. Ẹni kejì, ìyẹn ẹni tó ní abẹ́rẹ́ kata ti tó, òun ló ṣì yín lọ́nà jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kata fúnra rẹ̀ dára, màá sì padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó ń pa wọ́n. Ọmọ ẹran tó ń rù, tí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, tó ń kú lásìkò òjò, iṣẹ́ ọwọ́ aran kan tó ń jẹ́ Haemonchus contortus ni. Kì í ṣe inú ìfun gan-an ló ń gbé; àpò ikùn kẹrin ni ilé rẹ̀, níbi tí oúnjẹ ti ń bọ́ sínú ìfun. Kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ ní gígùn. Bí ẹ bá la ikùn ọmọ ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí ẹ sì fara balẹ̀ wò ó, ẹ ó rí abo rẹ̀ bí òwú pupa àti òwú funfun tí wọ́n lọ́ pọ̀. Pupa yẹn, ẹ̀jẹ̀ àgùntàn yín ni. Aran kan ń gba nǹkan bí 0.05 mílílítà ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Bí 500 irú rẹ̀ bá wà nínú ọmọ àgùntàn kan, 25 mílílítà ló ń lọ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ àgùntàn tó wọn kílò 10 kò ní ju nǹkan bí 700 mílílítà ẹ̀jẹ̀ nínú gbogbo ara rẹ̀. Olùkọ́ ni yín, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Omi tó ń kó jọ sábẹ́ àgbọ̀n, àìtó pírótéènì nínú ẹ̀jẹ̀ tó kù ló ń fà á.

Ẹ ò mẹ́nu ba ìgbẹ́ gbuuru rárá, ìyẹn sì tún mú kí ó dá mi lójú sí i. Aran yìí kì í sábà fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ẹran ló máa ń dúró de ìgbẹ́ gbuuru kí wọ́n tó gbà pé aran ni, nígbà tí ẹran wọn sì ti ń kú díẹ̀díẹ̀ lójú wọn. Àwọn mìíràn á rí gígé funfun pẹlẹbẹ nínú ìgbẹ́, àyà wọn á já. Aran gbọọrọ tó ń jẹ́ Moniezia nìyẹn, ojú lásán ló fi ń dẹ́rù bani. Èyí tí ẹ ò rí ló ń pani.

Ó tún kù. Abo kan lè yé ẹyin 5,000 sí 10,000 lójúmọ́. Ìgbẹ́ ló ń gbé ẹyin wọ̀nyí jáde. Bí ilẹ̀ bá gbóná tó sì rin, bí ilẹ̀ Òkè-Ògùn ṣe máa ń rí láti oṣù karùn-ún lọ, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ẹyin ti di ìdin tín-tìn-tín tó ń gun ewé koríko nígbà tí ìrì bá wà lórí rẹ̀. Ẹran á jẹ ẹ́ mọ́ koríko, nígbà tó bá sì fi máa tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdin náà ti dàgbà, òun náà ti ń yé ẹyin tirẹ̀.

Ó wá kan abẹ́rẹ́ náà. Barbervax ni orúkọ rẹ̀. Ilé ìwádìí Moredun tó wà nítòsí Edinburgh ní Scotland ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lé e lórí pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Western Australia, ọdún 2014 sì ni ó bọ́ sọ́jà ní Australia. Ìlú Albany níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní South Africa, Wirevax ni wọ́n ń pè é.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀. Bí aran yìí bá ń mu ẹ̀jẹ̀, ohunkóhun tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà ló ń mu pọ̀. Àwọn olùwádìí bá yọ àwọn pírótéènì kan lára ògiri ìfun aran fúnra rẹ̀, àwọn tí aran fi ń jẹ ẹ̀jẹ̀ tó mu kó tó lè di oúnjẹ fún un, wọ́n sì gún un fún àgùntàn. Ara àgùntàn á rí i pé àjèjì ni, á pèsè èròjà tó ń gbógun tì í, á sì tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí aran bá tún mu ẹ̀jẹ̀ yẹn, èròjà náà á lẹ̀ mọ́ ògiri ìfun rẹ̀, kò ní lè jẹun bó ṣe yẹ mọ́. Abo ò ní lè yé ẹyin bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì kú. Iye ẹyin inú ìgbẹ́ sábà máa ń fi ìpín 75 nínú 100 dín kù, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà míì.

Ẹ wá rí i pé kò dí aran lọ́nà láti wọlé. Aran gbọ́dọ̀ wọlé, kó mu ẹ̀jẹ̀, kó tó jìyà. Èrè tó tóbi jù nínú rẹ̀ ni pé koríko á mọ́ díẹ̀díẹ̀, torí ẹyin tó ń bọ́ sílẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kan náà ló fa ìnira rẹ̀. Inú aran lọ́hùn-ún ni pírótéènì yẹn wà, ara àgùntàn kì í bá a pàdé nígbà tí aran bá wọ inú rẹ̀ lásán. Nítorí náà, kò sí ohun tó ń rán ara létí lẹ́yìn abẹ́rẹ́, àfi kí wọ́n tún un gún. Ní Australia, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń gún ọmọ àgùntàn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín ara wọn, àkọ́kọ́ nígbà tó bá wà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Méjì àkọ́kọ́ kò dáàbò bo ohunkóhun, wọ́n kàn ń la ojú ara ẹran sí i ni, oògùn aran ni ọmọ ẹran ṣì ń gbára lé láàárín àkókò yẹn. Ẹ̀yìn ìkẹta ni ààbò tó dé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà sì ni wọ́n ń tún un gún títí àsìkò aran á fi kọjá. Ó tún ń fẹ́ ibi tó tutù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius, láti ilé iṣẹ́ títí dé ọwọ́ ẹni tó máa gún un. Ẹ̀yin náà mọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe wá. Gbogbo rẹ̀ pátá, aran kan yìí nìkan ló ń bá jà, kò kan àwọn aran ìfun tó kù.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kàn ṣe é lọ́pọ̀ yanturu kí ó lè dé ọwọ́ gbogbo ayé. Wọ́n gbìyànjú. Wọ́n fi bakitéríà àti ìwúkàrà ṣe pírótéènì náà nínú ilé ìwádìí, àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kò dáàbò bo àgùntàn bíi ti ojúlówó. Ohun tí wọ́n ń ṣe títí di báyìí ni pé wọ́n ń fi aran sínú àgùntàn, wọ́n ń pa àgùntàn náà, wọ́n sì ń kó aran inú rẹ̀ láti yọ pírótéènì. Díẹ̀ báyìí ló ń tó: máíkírógíráàmù 5 péré ló wà nínú abẹ́rẹ́ kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni, kò ní ṣeé tà rárá.

Ìtàn rẹ̀ tún lọ sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1959, àwọn ará Glasgow gbé àjẹsára kan jáde fún aran ẹ̀dọ̀fóró màlúù: wọ́n fi ìtànṣán sọ ìdin aran náà di aláìlágbára, wọ́n sì fi í fún ọmọ màlúù mu. Ó ṣiṣẹ́ gan-an, àwọn àgbẹ̀ Bìrìtìkó ṣì ń lo irú rẹ̀. Wọ́n wá rò pé bí àwọn bá ṣe Haemonchus náà bẹ́ẹ̀, á yọrí. Ó yọrí lára àgùntàn tó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ lára àwọn ọmọ tí wọ́n tìtorí wọn ṣe é. Títí ọmọ àgùntàn á fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ara rẹ̀ kò tíì mọ bí a ṣe ń bá aran yìí jà. Ohun tó mú kí Barbervax yàtọ̀ nìyẹn: kò dúró de kí ara ọmọ ẹran gbọ́n lọ́nà ti àdánidá, ọ̀nà mìíràn ló gbà.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí ìyẹn. Abẹ́rẹ́ kata ńkọ́? Kata kì í ṣe aran, kòkòrò àrùn tí a ò lè fojú rí ló ń fà á. Ibà líle, ikun lójú àti nímú, egbò lẹ́nu, ìgbẹ́ gbuuru, ikú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá fi èyí wé ohun tí ẹ kọ, ẹ ó rí i pé wọn ò jọra. Ilẹ̀ wa ni irúgbìn àjẹsára náà ti wá, ara ẹran tó ṣàìsàn ní Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i ní 1975, orúkọ tí gbogbo ayé sì ń pè é títí dòní ni Nigeria 75/1. Ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom ń ṣe é. Ẹ gún un fún gbogbo ẹran yín, ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́rin náà pẹ̀lú, ẹ̀ẹ̀kan péré ń tó fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Aran kan ṣoṣo kò ní tìtorí rẹ̀ kú.

Kí wá ni ẹ máa ṣe? Ìpéǹpéjú ni màá ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò kan tẹ ẹyinjú díẹ̀ láti òkè lórí ìpéǹpéjú tó pa dé, ẹ fi èkejì fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wo awọ inú rẹ̀ lójú mọ́mọ́. Dókítà ẹranko kan ní South Africa tó ń jẹ́ Faffa Malan ló sọ àṣà àtijọ́ yìí di ètò tó ní káàdì àwọ̀, tí wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ pè ní FAMACHA: 1 ni pupa fòò, 5 ni funfun. Ẹran àgbà tó bá wà ní 4 tàbí 5, ẹ fún un ní oògùn. Ọmọ, ẹ má dúró dé 4, láti 3 ni kí ẹ ti fún un, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó èyí tó lè fi ṣòfò. Lásìkò òjò, ẹ máa wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ mọ̀ pé eégbọn àti àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri náà lè mú kí ojú funfun. Bí ẹ bá lo oògùn aran tí ojú ò sì pọ́n padà, ẹ pe dókítà.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò ní kí ẹ fún gbogbo wọn ní oògùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá lo oògùn fún gbogbo agbo, aran tó bá ṣẹ́ kù láyé ni èyí tí oògùn ò rí pa, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì máa kún orí koríko yín. Bí ẹ bá fi àwọn tí ojú wọn pupa sílẹ̀, aran inú wọn tí oògùn ṣì lè pa á máa dà pọ̀ mọ́ àwọn alágídí yẹn. Ohun kejì tó ń sọ aran di alágídí ni oògùn tí kò tó. Ẹ má fojú díwọ̀n ẹran, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń so kọ́ kò wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ fún agbo kan ní ìwọ̀n kan náà, ti ẹni tó wúwo jù ni kí ẹ tẹ̀lé. Àyàfi oògùn aran tó ń jẹ́ levamisole: bí èyí bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, ó lè pa ọmọ ẹran, nítorí náà ẹ wọn ti oníkálukú. Albendazole, ẹ má fún abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún láàárín oṣù kan àkọ́kọ́.

"Mo ti fún wọn ní oògùn títí" tí ẹ kọ yẹn ń kọ mí lóminú. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ kó ìgbẹ́ tútù láti ìdí ẹran bíi mẹ́wàá, oníkálukú nínú ọ̀rá tirẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n ka ẹyin inú rẹ̀. Ẹ fún àwọn ẹran yẹn ní oògùn. Lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14, ẹ tún kó ìgbẹ́ wọn lọ. Bí ẹyin kò bá fi ìpín 95 nínú 100 dín kù, oògùn yẹn kò ṣiṣẹ́ lọ́gbà yín mọ́, owó yín lẹ ń dà sínú igbó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan irú mìíràn fún yín, kì í ṣe orúkọ mìíràn lára ìgò: albendazole àti fenbendazole, ìdílé kan náà ni wọ́n.

Ibi tí mo tún fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa ni ìyá. Láti bíi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí abo tó bímọ títí di ìgbà tó bá ń fún ọmọ lọ́mú, agbára tí ara rẹ̀ fi ń tẹ aran rì á rọlẹ̀. Aran tó ti dákẹ́ nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Àkókò yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ tó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń kọ́ bí a ṣe ń já koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú ìyá ni ọ̀pọ̀ aran ọmọ ti wá, ẹyin ìyá ló sì ń sọ koríko di eléwu. Nítorí náà, abo tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ wo ojú rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, kí ẹ sì fún un ní oògùn tí kò bá pọ́n. Ṣùgbọ́n kí ó tó bí, oúnjẹ ló nílò. Abo tó bá rí pírótéènì jẹ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn oyún, ẹyin aran tó ń jáde lára rẹ̀ kì í pọ̀ tó ti ẹni tí ebi ń pa. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ dára fún agbára, àmọ́ pírótéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ fi ewé àgúnmánìyè lé e, tàbí ewé ẹ̀pà, tàbí ọkà bàbà pẹ̀lú èèpo ẹ̀wà. Àwọn tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn ní Ìbàdàn ní bíi ogójì ọdún sẹ́yìn ti kéde àgúnmánìyè títí, àwa la fi í sílẹ̀ fún ọgbà.

Àwọn ewé tí ẹ bá so kọ́ sókè tún ní àǹfààní kejì: ìdin aran kì í gòkè rékọjá ìsàlẹ̀ koríko. Ẹran tó ń jẹ ewé igi kò jẹ ìdin. Bí ẹ bá ní láti dà wọ́n síta, ẹ jẹ́ kí oòrùn gbẹ ìrì tán. Ilé ọmọ ẹran, ẹ má jẹ́ kó rin, torí aran mìíràn wà tó ń gba awọ ara wọlé láti orí ilẹ̀ tútù.

Àwọn tó ń fi kóró inú èso ìbẹ́pẹ tí wọ́n lọ̀ fún ẹran mu nítorí aran pọ̀ ní agbègbè yín. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ ọmọ ẹran tí ojú rẹ̀ ti funfun kò ní àkókò tó máa fi dán an wò.

Ó ku àgbò yín. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹran ilẹ̀ gbígbẹ ni Balami, ibi tí ìdin aran kì í ti pẹ́ lórí koríko kí oòrùn tó pa á. Àgùntàn ìbílẹ̀ wa kúkúrú, irú tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Djallonké, ti fi ọ̀pọ̀ ìran gbé pẹ̀lú aran àti tsetse, ara rẹ̀ mọ bó ṣe ń mú un mọ́ra. Ìdajì ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yín ni ti bàbá wọn, ẹ sì ti sọ fúnra yín pé láti ìgbà tó ti dé ni wọ́n ti tóbi. Mo gbà pé ìgbà yẹn náà ni wọ́n ti ń kú. Ó wọ́n lójú owó, torí náà ẹ má pa á dànù: ẹ bọ́ ọ dáadáa, ẹ tà á nígbà Iléyá. Kí ẹ wá wá àgbò ìbílẹ̀ kan tí ojú rẹ̀ pọ́n ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí òjò ti na gbogbo ẹran yòókù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un ní oògùn. Irú rẹ̀ ṣòro díẹ̀ láti rí, àmọ́ ó wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé tí kì í ra oògùn.